Ilé Ìyàgbẹ́ Ni Mo Ti Ń Tún Ara Mi Bí

Wọ́n pa mí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ojú mi ló ṣe. Mo jókòó sórí àga, àwo kéèkì wà lórí itan mi, àwọn ẹbí mi ń gba bírò lọ́wọ́ ara wọn láti fi pa mí. Ẹ má káàánú mi. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi fà á.

Orúkọ mi ni Wubbo. Delfzijl ni wọ́n ti bí mi, lókè pátápátá ní ilẹ̀ Họ́láǹdì. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí olùkọ́ wa ní kí n dìde kàwé. Mo dìde lóòótọ́, mo gba ẹnu ọ̀nà jáde, mi ò sì tíì padà títí dòní. Ọkọ̀ ẹrù ojú omi ni mo lọ wọ̀. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí mo fi lo odò Rhine, láti Rotterdam dé Basel, lọ bọ̀, lọ bọ̀. Kò sí afárá tí mi ò gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Kò sí ilé ọtí etí odò tí wọn ò ti mọ̀ mí, yàtọ̀ sí àwọn tí wọ́n lé mi jáde níbẹ̀ kí n tó sọ orúkọ mi.

Èmi yìí náà ni wọ́n máa ń pè kí n wá kọ orúkọ sára ọkọ̀ tuntun. Lẹ́tà mi rí gbàǹgbà, lẹ́tà ńlá ni gbogbo rẹ̀, mo máa ń fi ìrù sí i nísàlẹ̀ bí ìgbì omi. Àwọn tó ka ìwé títí tí ojú wọn fọ́ ò lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Mi ò fẹ́yàwó. Àwọn tó fẹ́ fẹ́ mi pọ̀, mo kàn ń kọjá lọ ni. Nígbà tí orúnkún mi kọ̀ṣẹ́, mo gba yàrá kan nílé àwọn arúgbó ọlọ́kọ̀ ní Rotterdam. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo wọn ti gbọ́ ìtàn mi tán. Tí mo bá ti la ẹnu, wọ́n á bá mi parí ẹ̀. Ni mo bá ní kí n lọ kí ẹbí.

Ẹbí mi fọ́n káàkiri. Fokko, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ti kú, ń gbé ní Antwerp pẹ̀lú Lieve ìyàwó ẹ̀. Aaltje, ọmọ àbúrò bàbá mi, opó ni. Ó ní ibì kan ní Faransé tí àwọn èèyàn ti máa ń wá pàgọ́ nígbà ìsinmi. Hiltje, ọmọ àbúrò mi tóun náà ti kú, ń sin màlúù ní Dẹ́ńmáàkì pẹ̀lú Bauke ọkọ ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Geeske, nìkan ló kù sí Delfzijl. Wọn kì í pera wọn. Kálukú mọ̀ pé èkejì wà láyé, ó tán síbẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Fokko ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo lo ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹta, Lieve rẹ́rìn-ín sí mi.

"Bàbá Wubbo, rélùwéè aago mélòó lẹ máa bá lọ lọ́la?"

Ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nílẹ̀ wa. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń tì ọ́ síta. Tó o bá fẹ́ lọ kí ọmọ tó o bí nínú ara ẹ pàápàá, wàá kọ́kọ́ pè é, á sì ṣí ìwé wò: "Ẹ wá ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, aago méjì sí aago mẹ́rin." Ọjọ́ ìbí nìkan ni ilẹ̀kùn máa ń ṣí gbayawu, tí ẹnikẹ́ni ò ní bi ọ́ pé ta ló pè ọ́.

Mo dìde, mo lọ jókòó nílé ìyàgbẹ́ kí n fi ronú. Ibẹ̀ ni mo ti rí kàlẹ́ńdà ọjọ́ ìbí wọn.

Kò sí ilé ọmọ Họ́láǹdì tí kò ní in, wọn ì báà lọ kọ́lé sórí òṣùpá. Ara ògiri ilé ìyàgbẹ́ ló máa ń wà, ní ọ̀kánkán ẹni tó jókòó, bírò á so mọ́ okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Kò ní Ajé, kò ní Ìṣẹ́gun, kò sì ní ọdún, ìdí nìyẹn tí kì í fi í gbó. Oṣù àti ọjọ́ lásán ni, orúkọ àwọn èèyàn ẹ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ibẹ̀ lo ti máa rántí àbúrò ìyá ẹ láràárọ̀, bó o ṣe ń ṣe ohun tó o bá wá ṣe. Ẹni tí orúkọ ẹ̀ bá wà níbẹ̀, èèyàn ẹ ni. Tó bá kú, wọ́n á fi àgbélébùú kékeré sí i, ó parí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti oṣù Kìíní. Bàbá Lieve wà níbẹ̀. Ìyá Lieve wà níbẹ̀, pẹ̀lú àgbélébùú. Ẹni tó ń tọ́jú eyín wọn wà níbẹ̀. Ajá aládùúgbò wà níbẹ̀. Ajá o! Ní oṣù Kẹta! Mo kà á dé ọgbọ̀njọ́ oṣù Kejìlá, ọjọ́ tí ìyá mi bí mi. Ibẹ̀ ṣófo.

Ó dùn mí dé eegun. Gbogbo etí odò Rhine mọ̀ mí, ajá aládùúgbò wá ṣe pàtàkì jù mí lọ nílé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi.

Mo mú bírò. Mo fẹ́ kọ ọ́ síbi tó yẹ, mo fi ohun tí mo jókòó lé búra fún yín. Ṣùgbọ́n oṣù Karùn-ún la wà. Oṣù Kejìlá jìnnà, rélùwéè ọ̀la sì ti sún mọ́lé. Ọwọ́ mi ló ṣí kàlẹ́ńdà sẹ́yìn fúnra ẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Karùn-ún, tó máa bọ́ sí ọ̀túnla, mo kọ ọ́ gàdàgbà: WUBBO.

Ilẹ̀ mọ́, Lieve wọlé lọ. Kò tíì pẹ́ tó fi sáré jáde.

"Fokko! Fokko! Ìwọ ọkùnrin yìí, ọjọ́ ìbí bàbá ẹ di ọ̀la, o ò lè sọ ọ́ sí mi létí?"

"Ọjọ́ ìbí ta ni?"

"Ta ló kọ ọ́ síbẹ̀, tí kì í bá ṣe ìwọ?"

"Mo rò pé ìwọ ni."

"Kí ló kàn mí nínú ọjọ́ ìbí ẹbí ẹ? Ìwọ lo kọ ọ́, o ti gbàgbé. Àní o ti gbàgbé!"

Fokko họ orí. "Bóyá èmi ni o."

Àwọn méjèèjì yíjú sí mi. Mo tẹ orí ba bí ìyàwó tuntun. "Ẹ má dààmú nítorí tèmi. Mo ti dira. Rélùwéè ń lọ láago mẹ́wàá."

"Rélùwéè wo?" Lieve gba àpò lọ́wọ́ mi. "Ẹ jókòó síbẹ̀ jàre!"

Ẹ ò rí ọjọ́ ìbí bí ìyẹn rí. Wọ́n to àga yí pálọ̀ ká. Gbogbo ẹni tó wọlé ló ń bọ gbogbo ẹni tó jókòó lọ́wọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ẹ kú oríire bàbá yín! Ẹ kú oríire àna yín!" Kódà wọ́n kí ẹni tó ń tọ́jú eyín wọn kú oríire mi. Wọ́n kọrin fún mi. Wọ́n fún mi ní ẹ̀wù òtútù tó nípọn. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, ẹnikẹ́ni ò tíì kọrin fún mi láìmutí. Omi lé sí mi lójú, mo ní alùbọ́sà ni. Kò sí alùbọ́sà nínú kéèkì, wọn ò sì bi mí.

Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo tún lò sí i.

Èèyàn tó bá lọ́gbọ́n ì bá dúró níbẹ̀. Èmi gba Faransé lọ.

Aaltje ní tiẹ̀, ẹnu ẹ̀ gbóná, ẹ̀rín ẹ̀ sì ń mi ilé. Ó fẹ́ràn ìtàn mi bí ẹni fẹ́ràn ọtí. "Bọ̀dá Wubbo, ẹ̀yin òpùrọ́ yìí, ẹ tún sọ ti yìnyín tó gbé ọkọ̀ yín sórí igi yẹn!" Lọ́jọ́ kejì mo lọ sílé ìyàgbẹ́ ẹ̀. Òun náà ò kọ mí síbẹ̀. Mo fún ara mi ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹjọ. Gbogbo àwọn tó pàgọ́ síbẹ̀ ló pé jọ kọrin fún mi, àwọn ará Jámánì, àwọn Faransé, kálukú ní èdè ẹ̀. Mo dìde, mo juwọ́ sí wọn bí ọba.

Ní oṣù Kẹwàá, mo dé Dẹ́ńmáàkì.

Èmi àti Hiltje ò tíì jókòó sọ̀rọ̀ rí láyé. Kò lọ́rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu. Ọwọ́ ẹ̀ le, ó ń rùn wàrà, tó bá sì bi ọ́ ní ìbéèrè, á dúró gbọ́ ìdáhùn. Ó ní, "Ẹ sọ ti bàbá mi fún mi, nígbà tó wà lọ́mọdé." Mo sọ ọ́ fún un. Ìtàn kan ṣoṣo tí mi ò fi iyọ̀ sí lọ́dún yẹn nìyẹn.

Nílé ìyàgbẹ́ ẹ̀, orúkọ bàbá ẹ̀ wà ní oṣù Keje, pẹ̀lú àgbélébùú. Mo jókòó, mo wò ó. Mo ní, "Àbúrò, má bínú o." Lẹ́yìn náà ni mo ṣí i dé oṣù Kẹwàá, mo kọ orúkọ mi sí ọjọ́ kejìlá.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ẹni tí wọ́n ń bí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún. Ọdún mẹ́ta gbáko. Bí mo bá ti sún mọ́ ọjọ́ tí mo kọ, ilẹ̀kùn á ṣí, àga á yí ká, kéèkì á jáde. Tó bá jẹ́ pé òótọ́ ni gbogbo ẹ̀, ọdún tí mo ti lò láyé ì bá ti wọ ọgọ́rin.

Ọjọ́ ìbí mi gangan ńkọ́? Geeske nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ní gbogbo ọgbọ̀njọ́ oṣù Kejìlá, aago mẹ́jọ àárọ̀, á pè mí lórí fóònù.

"Kú ọjọ́ ìbí, Wubbo. Ṣé o ń bọ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, Basel ni mo wà. Mò ń bá wọn ran ọkọ̀ kan lọ́wọ́. Yìnyín ti há wa mọ́ ibẹ̀."

"Ó dáa."

Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo máa ń wà ní Rotterdam, tí mo na ẹsẹ̀. Ìdí tí mi ò fi ń lọ rèé, ẹ gbọ́: Geeske mọ̀ mí. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn nílé ẹ̀, á ní, "O ò sí níbẹ̀, Wubbo. Èbúté lo wà, ò ń ha ìdọ̀tí kúrò lára irin." Ta ló fẹ́ rin ìrìn wákàtí mẹ́ta lọ sílé ẹni tó mọ òótọ́?

Ní ọdún kẹrin ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Mo pé ọdún márùndínlọ́gọ́rin ní oṣù Karùn-ún lọ́dọ̀ Fokko. Wọ́n ṣe é ńlá. Mo tún pé ọdún márùndínlọ́gọ́rin ní oṣù Kẹjọ lọ́dọ̀ Aaltje. Ìyẹn ló wá tóbi jù. Nígbà tí mo padà sí Rotterdam, mo bá ìwé lórí ilẹ̀kùn: wọ́n fẹ́ wó ilé àwa arúgbó, kí gbogbo wa kó jáde kí ọdún tó parí. Mo jókòó sórí àpótí aṣọ mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mi ò mọ ibi tó kàn.

Lọ́jọ́ kẹta, Hiltje pè mí.

"Bàbá Wubbo, ẹ ti rí yàrá tó wà lẹ́yìn ilé àwọn màlúù yẹn? Bauke ti tún un ṣe. Ó ti kun ún, ó ti gbé sítóòfù sí i. Ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ wa."

Mi ò lè sọ̀rọ̀. Èmi!

"Ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí."

"Ọjọ́ ìbí yín la máa fún yín ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀. Ọdún márùndínlọ́gọ́rin kì í ṣe kékeré. Mo ti kọ̀wé sí gbogbo ẹbí pé kí wọ́n wá. Fokko, Aaltje, Àǹtí Geeske. Gbogbo yín ò tíì jókòó pọ̀ rí láti ìgbà tí mo ti dáyé."

Ẹ rò ó wò. Yàrá kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni tíì fi lọ̀ mí láyé, inú ẹ̀ sì ni gbogbo irọ́ mi ń bọ̀ wá pàdé.

Mo lè jẹ́wọ́ fún un níbẹ̀ yẹn. Ìṣẹ́jú kan ló máa gbà. Mo ní, "Ọmọ dáadáa ni ẹ́," mo sì gbé fóònù sílẹ̀.

Mo pe Fokko. "Fokko, má wulẹ̀ lọ. Àwọn màlúù Hiltje ń ṣàìsàn. Àìsàn tó ń ran èèyàn."

"Màlúù ni mo ń ronú lé bí? Bàbá Wubbo, ìwé yẹn ní oṣù Kẹwàá lẹ máa pé ọdún márùndínlọ́gọ́rin. A ti ṣe é ní oṣù Karùn-ún. Mo jẹ nínú kéèkì yẹn."

"Hiltje ló ṣìṣe. Máa fi ọgbọ́n gbà á fún un. Ọmọ òrukàn ni."

Mo pe Aaltje, mo ní wọ́n ti fagi lé e. Aaltje ní, "Áà, ó mà ṣe o." Ló bá gbé fóònù, ó pe Hiltje láti kí i kú ìjákulẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan! Àwọn tí wọn kì í pera wọn látijọ́ yìí.

Hiltje pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀. "Bàbá Wubbo, ta ló sọ fún Aaltje pé mo ti fagi lé e?"

"Fóònù ilẹ̀ Faransé ò já geere. Bóyá ohun mìíràn ló gbọ́."

"Ó dáa. Ká ríra lọ́jọ́ kejìlá."

Ọjọ́ náà pé. Òjò wínníwínní ń rọ̀, àwọn màlúù ń dún lẹ́yìn ilé. Mo wọ ẹ̀wù tí Fokko fún mi. Wọ́n ti to àga yí ká. Bauke fún mi ní kéèkì, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Fokko àti Lieve wọlé pẹ̀lú àpò ọ̀rá gbọọrọ kan. Aaltje tẹ̀ lé wọn, òun náà gbé tiẹ̀ sábẹ́ apá.

Ẹnikẹ́ni ò kí ẹnikẹ́ni kú oríire. Nílẹ̀ wa, ìyẹn burú ju kí wọ́n gbá ọ létí lọ.

Hiltje ní, "Ẹ jókòó. Kọfí ti gbóná."

Aaltje ò jókòó. "Kí kọfí tó dé, mo fẹ́ kí Bọ̀dá Wubbo ṣàlàyé nǹkan kékeré kan fún mi." Ó fa kàlẹ́ńdà ilé ìyàgbẹ́ ẹ̀ jáde lábẹ́ apá, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kéèkì. Oṣù Kẹjọ. WUBBO.

Fokko tú àpò ọ̀rá. Oṣù Karùn-ún. WUBBO. Kàlẹ́ńdà náà ṣì ń ta sánsán ọṣẹ ilé ìyàgbẹ́ Lieve.

Hiltje dìde. A gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ nínú ọ̀nà, a gbọ́ ilẹ̀kùn. Ó gbé tiẹ̀ dé tòun ti bírò tó so mọ́ ọn. Oṣù Kẹwàá. WUBBO.

Lẹ́tà ńláńlá mẹ́ta, pẹ̀lú ìrù ìgbì omi nísàlẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ mi dára, ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi.

Bauke tẹ̀ síwájú, ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì, ó wo ẹ̀kẹta. Ó ní, "Ọwọ́ kan náà." Ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Lieve ní, "Mo bá ọkọ mi jà nítorí èyí! Mo ní orí ẹ̀ ti ń daru. Ọdún kẹrin rèé tí mò ń fún un ní ewé tó ń jẹ́ kéèyàn rántí nǹkan!"

Fokko ní, "Ó korò bí nǹkan míì."

Mo gbìyànjú. Mo ní, "Ẹ fara balẹ̀. Ṣé ẹ rí i, ayé ìgbà tí wọ́n bí mi, ìyá wa ò fi bẹ́ẹ̀ mọ ọjọ́ tó..."

"Ìyá wa mọ ọjọ́ tó bímọ."

Geeske ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ ọdún méjìlélọ́gọ́rin, rélùwéè mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wọ̀ kó tó débẹ̀, omi òjò ń kán ní fìlà ẹ̀.

"Èmi ni mo gbé omi gbígbóná wọlé. Ọmọ ọdún méje ni mí. Ọgbọ̀njọ́ oṣù Kejìlá ni, yìnyín bolẹ̀, Wubbo sì ti ń pariwo láti ọjọ́ yẹn."

Kò bọ́ fìlà. Ó wá dúró níwájú mi.

"Ọdọọdún, lọ́jọ́ yẹn, ni mo máa ń ṣe kéèkì, Wubbo. Mo máa ń ṣe é kí n tó pè ọ́, torí mo máa ń rò pé bóyá lọ́dún yìí. Ọdún mẹ́ta lo fi ní Basel lo wà. Ṣé o mọ ẹni tó ń jẹ ẹ́? Àwọn ẹyẹ etí òkun. Ojú fèrèsé ni mo ti ń jù ú sí wọn." Ó wo kàlẹ́ńdà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. "O wá ń rìn yí ayé ká, ò ń tọrọ ohun tí mò ń jù fún ẹyẹ."

Mo ti gba ìkúùkù lẹ́nu rí ní èbúté méje. Kò sí èyí tó dà bí ìyẹn.

Aaltje ló kọ́kọ́ mú bírò. "Ẹ̀gbọ́n tí mo mọ̀ ti kú lọ́jọ́ kẹjọ oṣù Kẹjọ. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere. Òpùrọ́ dáadáa ni, ṣùgbọ́n mo rò pé èmi pẹ̀lú ẹ̀ la jọ mọ̀ pé irọ́ ni." Ó fi àgbélébùú sí mi. Fokko gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Lieve ní, "Tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kó hàn."

Hiltje ló gbà á kẹ́yìn. Ó di bírò mú títí. Lẹ́yìn náà ó fi tiẹ̀ sí i, àgbélébùú kékeré bí èyí tó fi sí bàbá ẹ̀ gan-an, kò sì wo ojú mi. Ti Aaltje, mo lè rẹ́rìn-ín sí i. Èyí, rárá.

Kéèkì ṣì wà lórí itan mi. Mo jẹ ẹ́. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe sí i?

Nígbà tí wọ́n ń wọ ẹ̀wù láti lọ, Hiltje pè mí lọ sẹ́yìn, síwájú yàrá yẹn. Bauke ti kun ilẹ̀kùn ẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó fi hàn mí, ó tún dá a padà.

"Yàrá yìí máa ṣófo títí di ọgbọ̀njọ́ oṣù Kejìlá. Ẹ wá lọ́jọ́ yẹn. Kò ní sí kéèkì, kò ní sí orin. Ìgbà yẹn làwọn màlúù máa ń bímọ jù, ọwọ́ yín á wọ inú màlúù dé ìgúnpá. Tẹ́ ẹ bá wá lọ́jọ́ tí kò sí nǹkan tí wọ́n máa fún yín, mo máa gbà pé èmi lẹ wá bá. Tẹ́ ẹ ò bá wá, ẹni tó ń bá wa fún wàrà máa kó wọbẹ̀ lọ́jọ́ kejì ọdún tuntun."

"Màá wá," ni mo sọ. Mo sì ní i lọ́kàn.

Èmi àti Geeske la jọ wọ rélùwéè padà. Ó pín búrẹ́dì ẹ̀ sí méjì. Ó na ìdajì sí mi.

"Lọ síbẹ̀. Yàrá gidi ni, ó ní sítóòfù. Àga gbọọrọ inú pálọ̀ nìkan ni mo ní."

"Mi ò tíì bi yín léèrè."

"Mo mọ̀ pé o ò ní bi mí. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ nìyẹn."

Nígbà tó di ọgbọ̀njọ́ oṣù Kejìlá, mo di gbogbo ẹrù mi sínú àpò méjì. Tíkẹ́ẹ̀tì Dẹ́ńmáàkì wà lápò àyà mi. Mo dúró sí ibùdó rélùwéè Rotterdam, aago mẹ́jọ lù, fóònù mi dún.

"Kú ọjọ́ ìbí, Wubbo."

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi."

Mò ń dúró de ìbéèrè ẹ̀. Kò béèrè. Lọ́dún yẹn, kò bi mí bóyá mò ń bọ̀. Ohun tí mo gbọ́ ni ìró ṣíbí nínú abọ́, kò, kò, kò. Ó gbé fóònù sétí, ó ń po kéèkì lọ.

Ó ní, "Ó dìgbà," ó sì pa á.

Rélùwéè Dẹ́ńmáàkì dé, ó ṣílẹ̀kùn. Mo wò ó. Mo ro ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé yẹn, mo ro sítóòfù, mo ro orúnkún mi lórí àga gbọọrọ. Mo bú ara mi ní èdè márùn-ún. Rélùwéè náà tilẹ̀kùn, ó lọ. Mo gbé àpò mi kọjá sí apá kejì, mo wọ èyí tó ń lọ sókè.

Ọ̀sán ni mo kan ilẹ̀kùn Geeske. Ìyẹ̀fun wà lápá ẹ̀. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ṣé Dẹ́ńmáàkì ti kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀ ni?"

"Mo ṣìnà."

"Irọ́ àkọ́kọ́ tó dùn mọ́ mi nìyẹn. Nu ẹsẹ̀ ẹ."

Mo pe Hiltje kí n tó bọ́ ẹ̀wù. Màlúù kan ń ké lẹ́yìn ẹ̀.

"Ibo lẹ dé?"

"Delfzijl. Ilé Geeske ni mo wà."

"Ẹ gbé fóònù fún un."

Geeske gbà á. "Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà níbí... Rárá, mi ò pè é... Ó kàn dé ni, tòun ti ẹrù." Ó dá a padà fún mi.

Hiltje ní, "Ẹ mọ̀ pé yàrá yẹn máa lọ."

"Mo mọ̀."

"Mi ò ní yí ọ̀rọ̀ mi padà o."

"Mo mọ̀, ọmọ mi."

Màlúù yẹn tún ké. "Ẹ kú ọjọ́ ìbí, Bàbá Wubbo," ó ní, ó sì sáré lọ bá a.

Orí àga gbọọrọ ni mò ń sùn títí di bí mo ṣe ń sọ èyí fún yín, ẹnì kan ló sì ń bá mi kọ ọ́ ní lẹ́tà kéékèèké. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, tí ẹ bá ní ibì kan tí wọ́n ti mọ gbogbo irọ́ yín, tí wọ́n ṣì ń po kéèkì sílẹ̀ dè yín, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ bíi tèmi. Kò ní tù yín lára. Ẹ lọ náà.

Lọ́jọ́ ìbí tí mo dé yẹn, Hindrikje, obìnrin arúgbó ilé kejì, wọlé wá. Ó bọ Geeske lọ́wọ́: "Ẹ kú oríire àbúrò yín." Ó bọ èmi náà lọ́wọ́: "Ẹ kú ọjọ́ ìbí. Mo mà rò pé àròsọ ni yín."

Àwa mẹ́ta jókòó, àga mẹ́ta yí ká. Ẹnu mi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo ní, "Hindrikje, ẹja kan wà tí mo mú lábẹ́ afárá Cologne, ó gùn tó báyìí." Mo na ọwọ́ mi méjèèjì tán.

Geeske gbé ojú sókè. "Wubbo."

Mo fà wọ́n súnmọ́ra. Mo tún fà wọ́n súnmọ́ra díẹ̀ sí i, títí ó fi ku bí àtẹ́lẹwọ́ kan láàárín wọn.

Ó gbé kọfí ẹ̀ sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti àga, ó ní, "Ẹ̀hẹn. Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"